Ẹni Yín Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró? Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Èèyàn Jọ Sẹ́yìn Rẹ̀ ní Ìkòròdú

Láti ìgbà tí àwọn ará àdúgbò ti rí i pé àbúrò mi ti jáwọ́ nínú tramadol, tí ara rẹ̀ sì ti bọ̀ sípò, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnì kan tó dá mi dúró ní ọjà Sábó tàbí kó pè mí lálẹ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún un lò?" Ìyá kan tiẹ̀ tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n ṣáà júwe ilé bàbá tó ṣe é fún wa. Kò sí bàbá kankan. Ọsibítù ni àbúrò mi lọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ṣe tiwọn dáadáa. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lèèyàn ń lò lọ́sibítù. Ilé ló ń padà sí, àdúgbò kan náà, ojú ọ̀nà kan náà. Ohun tó dì í mú nígbà tó délé ni àwọn èèyàn tí a kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, tí oníkálukú wọn mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí a ṣe ṣe é ni mo kọ síbí ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú àwọn ibi tí a ti ṣì í ṣe. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ẹni tí à ń ṣọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí à ń retí. Ṣíṣọ́ la kọ́kọ́ ń ṣọ́ àbúrò mi, ó sì ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀ níbì kan, tí wọ́n á béèrè rẹ̀ bí kò bá dé, ìgbà yẹn ni nǹkan yí padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín débi tí ẹ ò ní lè la ẹnu. Ìwádìí nípa Nàìjíríà tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ní ìpínlẹ̀ Èkó, nǹkan bí 33 ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ṣáájú. Ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín lè máa bá a yí bíi tiyín.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: kí ló ń lò?

Bí ẹ bá fẹ́ fo ibòmíì, ẹ má fo ibí. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn ò gbọdọ̀ dá dúró lójijì nínú ilé.

- Ọtí lójoojúmọ́: ògógóró, párága, ọtí inú ọ̀rá. Bí ẹni tó ti ń mu ún láràárọ̀ bá ṣàdéédéé dá a dúró, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, ó lè máa gbọ̀n, kó máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, kó máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí ń pani. Abẹ́ ìtọ́jú dọ́kítà ni kó ti dá a dúró.
- Refnol, Valium àti àwọn oògùn oorun míì: bákan náà ni. Dọ́kítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.
- Tramadol àti codeine: imú á máa ṣàn, eegun á máa ro ó, inú á máa ṣí (ìgbẹ́ gbuuru), kò ní lè sùn. Ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 3 ló sábà máa ń le jù. Ìrora yẹn kì í sábà pani fúnra rẹ̀, àmọ́ omi tó ń tán lára lè ṣe é léṣe. Tramadol tó pọ̀ lápọ̀jù náà lè fa gìrì.
- Igbó, colorado (igbó àtọwọ́dá), ice (methamphetamine): àìsùn, ìbínú, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì. Bó bá ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.
- Aboyún: ohun yòówù kó máa lò, kó kọ́kọ́ rí dọ́kítà.

Fún inú tó ń ṣí: pọ́ọ̀ wọ́tà 2 (ọ̀kan jẹ́ 50cl, méjèèjì di lítà 1), ṣíbí ìpotíì 6 ṣúgà tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà.

Ibi tí ẹ lè gbà lọ

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ̀wé lé e lọ́wọ́. Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú wà fún pàjáwìrì. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní Yábàá, ó ti wà níbẹ̀ láti 1907, ó sì ní ẹ̀ka ní Òṣòdì tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Láti Ìkòròdú, ẹ tètè kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Mile 12 má baà dá yín dúró títí iye èèyàn tí wọ́n ń gbà lóòjọ́ á fi pé. A pẹ́ kí a tó débẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà láìrí ẹnikẹ́ni.

NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà kan tí kì í gba owó lórí fóònù, tọ̀sán tòru: 0800 1020 3040. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù láti pè é torí wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n máa rán wá. Nítorí ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ni wọ́n ṣe ṣí i, ẹbí náà sì lè pè é láìjẹ́ pé aláìsàn wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa mú dání:

- ìwé tí ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó ń lò sí, bó ṣe ń pọ̀ tó lóòjọ́, àti ìgbà tó lò ó kẹ́yìn
- páálí tàbí ike oògùn náà, kódà kó ṣófo
- orúkọ àìsàn míì tó ní àti oògùn tó ń lò fún un
- ẹnì kan nínú ẹbí tó máa dúró gbọ́ ohun tí dọ́kítà sọ

Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, inú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé oníkálukú wá. Ilẹ̀ wa níbí la ti mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ dá

Àárọ̀ ló dáa jù, kó tó jáde. Ẹ má sọ ọ́ lálẹ́ tó bá yó dé, ẹ má sì sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Èèyàn 2 tó fẹ́ràn ti tó. Bí ẹ bá kó ẹbí 10 jọ, ẹjọ́ ló máa rò pé wọ́n wá dá fún òun.

Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, kì í ṣe irú èèyàn tí ẹ rò pé ó jẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ rèé: "Mo rí i pé o ò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ike oògùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò wá bá ọ jà. Bí o bá fẹ́ ká wá ìrànlọ́wọ́, màá bá ọ lọ lónìí." Mo wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó sọ ohunkóhun, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé màmá ti mọ̀?"

Bó bá kọ̀, ẹ má jà. Ẹ sọ fún un pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ má fún un lówó, ẹ má san gbèsè tó jẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún un, ẹ má sì purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ló dá a dúró. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá dá, ẹ jẹ́ kó rí i pé inú yín dùn: ẹ jọ jẹun, ẹ bá a tàkúrọ̀sọ. Ẹ tún béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè kí tèmi tó gbà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹni 5, iṣẹ́ 5

Kí òun fúnra rẹ̀ mú wọn. Bí ẹ̀yin bá mú wọn fún un, ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n máa jẹ́ lójú rẹ̀.

1. Ẹni ìpè. Ẹni tó lè pè ní aago méjì òru tí ohùn onítọ̀hún ò ní le. Kó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìwàásù.
2. Ẹni ìrìn. Ẹni tó máa bá a lọ sí ọsibítù ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ pé kó máa dá lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń dáwọ́ dúró.
3. Ẹni owó. Mo máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá sunkún díẹ̀, ìyá á fún un.
4. Ẹni iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, tàbí ẹni tó lè fi nǹkan lé e lọ́wọ́ ṣe.
5. Ẹni tó ti là á kọjá. Ó ṣòroó rí, àmọ́ ẹ wá a. Ohun kan wà tí ẹni tí kò mu ún rí kò lè sọ kó wọlé.

Ẹni kan lè ṣe iṣẹ́ méjì bí èèyàn ò bá tó. Kó má di pé ẹni kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, torí ó máa rẹ̀ ẹ́, inú á sì bí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kan, kí òun náà wà níbẹ̀

Ìdajì wákàtí ti tó. Ohun mẹ́ta pére lẹ máa fẹnu kò lé:

- Kí ni ẹ máa sọ fún àwọn tó bá béèrè? Òun ló máa pinnu. Tiwa sọ pé, "Ẹ sọ fún wọn pé ara mi ò yá, mo ń gba ìtọ́jú." Òótọ́ ni, kò sì pọ̀ jù.
- Ta ni kò gbọdọ̀ gbọ́ sí i? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá dé ìsọ̀ aláró kò ní padà sílé mọ́.
- Kí ni a máa ṣe bó bá ṣubú, ìyẹn bó bá padà lò ó? Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí tí ara gbogbo yín balẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ wákàtí tó léwu

Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, ìrọ̀lẹ́ ni, láti nǹkan bí aago mẹ́rin sí aago mẹ́sàn-án alẹ́: iṣẹ́ ti parí, owó wà lápò, ó ti rẹ̀ wọ́n, ọ̀nà ilé sì gba ẹ̀gbẹ́ jọ́ìntì kọjá. Yanrìn ni àbúrò mi ń wà ní etí ọ̀sà lápá Èbúté. Omi tútù, garawa wúwo, gbogbo wọn ló ń lo tramadol kí wọ́n lè lágbára. Torí náà ìrọ̀lẹ́ la dojú kọ.

Ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fi bírò ya ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́ sórí ìwé. Ẹ fi àmì sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, ibi tí wọ́n ti ń lò ó, ilé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ó. Ẹ wá ọ̀nà míì, kódà kó jìn. Ẹ yọ nọ́ńbà àwọn tó ń tà á kúrò lórí fóònù rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì ń pè é, ẹ pààrọ̀ síìmù.

Ọjọ́ kan wà, ní ọ̀sẹ̀ kejì tó padà délé. Aago márùn-ún ti kọjá díẹ̀. Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ẹnì kan súfèé lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, bí wọ́n ṣe máa ń pe ara wọn. Àbúrò mi dìde. Ẹsẹ̀ kan ti wọ sálúbàtà, ìkejì ṣì wà lórí sìmẹ́ǹtì. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, òógùn sì yọ lórí imú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi ń lọ." Mo pe bọ̀dá tó ń gẹ irun ní kọ́nà wa. Bọ̀dá fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ apá, ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa gan-an, ó ní, "Àbúrò, o nà mí lánàá, mi ò gbà. Jókòó." Kò bi í ní nǹkan kan. Ọwọ́ àbúrò mi ń gbọ̀n débi pé ọmọ ayò ń já bọ́ sílẹ̀, bọ̀dá á ṣà á, á dá a padà sínú ọpọ́n, wọ́n á tún máa ta á lọ. Ẹni tó ń súfèé tún súfèé lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgáríbì, ọwọ́ náà ti balẹ̀.

Ìyánhànhàn sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí bí èèyàn ò bá gbà fún un. Ẹni tó máa bá a jókòó fún ìdajì wákàtí yẹn lẹ ń wá. Bó bá pè yín, ẹ bi í ní ohun mẹ́rin kí ẹ tó sọ ohunkóhun míì:

- Ṣé ebi ń pa ọ́?
- Ṣé inú ń bí ọ?
- Ṣé o dá wà?
- Ṣé ó rẹ̀ ọ́?

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ wá kí ẹ tó gbé àdúrà wá. Mo fẹ́ràn àdúrà, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ẹni tí ebi ń pa kì í lè ṣe àmín dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá ibi tí wọ́n á ti máa retí rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Oògùn náà kì í wá lóun nìkan, ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀: àwọn tó ń pè é lórúkọ ìnagijẹ, tí wọ́n ń fún un ní àyè lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n á béèrè rẹ̀ bí kò bá wá. Bí ẹ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi ẹgbẹ́ míì rọ́pò rẹ̀, ìdáwà ló máa lé e padà síbẹ̀.

Ohun tó dáa ni ibi tí iṣẹ́ kékeré kan ti wà lọ́rùn rẹ̀, tó jẹ́ pé bí kò bá dé, nǹkan kan ò ní ṣeé ṣe. Àpẹẹrẹ díẹ̀:

- Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, òun ni kó máa tẹ́ ẹní, kó máa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn.
- Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni kó máa lu ìlù tàbí kó máa to àga.
- Lórí pápá, kó di ẹni tí bọ́ọ̀lù àti fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wádìí pápá náà kọ́kọ́, torí ẹ̀yìn gólì àwọn pápá kan ni wọ́n ti ń fa igbó.
- Nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, kó wà lára àwọn tó ń jáde fún ìmọ́tótó tàbí tó ń kó owó tíráńsífọ́mà jọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìwé orúkọ ni kó mú dání, kí ẹlòmíì mú owó.

Ẹ bá ìmáàmù, pásítọ̀ tàbí alága sọ̀rọ̀ ṣáájú, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó: "A ò fẹ́ kí ẹ pè é síwájú fún ìjẹ́rìí. Iṣẹ́ la fẹ́ kí ẹ fún un." Ìjẹ́rìí tí wọ́n fi ipá mú un jẹ́ níwájú gbogbo ìjọ ní oṣù àkọ́kọ́ léwu púpọ̀. Bó bá ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ojú á tì í láti padà síbẹ̀, ẹ ti pàdánù ibi kan nìyẹn.

Àwọn ará ilé náà ní ipa tiwọn. Kíkí ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n fún. Ìyá olóúnjẹ tó wà níwájú ilé wa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pè é láàárọ̀ pé, "Ọmọ mi, bá mi gbé ìkòkò yìí sọ̀ kalẹ̀." Ìyá náà ní ọmọ mẹ́ta tó lè gbé ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

Owó ojúmọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ léwu. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún wa ni alájọ. A bá a sọ̀rọ̀ pé ní aago mẹ́rin ni kó máa wá gba àjọ àbúrò mi níbi iṣẹ́, kó má dúró di alẹ́. Èyí tó kù ni ẹni owó ń bá a tọ́jú, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé tí àwọn méjèèjì jọ ń rí. Owó rẹ̀ ni, kì í ṣe owó yín. Bó bá béèrè fún un láti ra bàtà, ẹ jọ lọ ra bàtà.

Ẹ má fún un ní owó gọbọi fi dá òwò sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ibi tí gbogbo wọn ti ń lò ó, ẹ wá iṣẹ́ míì kó tó padà, kódà kí owó rẹ̀ kéré. A fi àbúrò mi sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe férémù wíńdò lọ́nà Agric. Iye tó ń gbà kò tó ìdajì ti yanrìn. Ó dun ún, ó sì sọ ọ́ lójú wa.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn tó ti là á kọjá

Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, nígbà tí ọ̀mùtí méjì rí i pé báwọn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni kì í jẹ́ káwọn mu. Ẹgbẹ́ náà àti Narcotics Anonymous, tó wà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró, wà l'Ékòó, wọ́n sì máa ń ṣe ìpàdé lórí fóònù pẹ̀lú. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Fífẹ́ láti jáwọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Bí ọ̀nà bá jìn, èèyàn 3 tàbí 4 tó ń bá a jà lè máa pàdé nínú ilé kan ní Ìkòròdú níbí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Òfin mẹ́ta: ohun tí a sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde, ẹnì kan kì í dá ẹnì kejì lẹ́jọ́, ẹni tó bá lò ó lọ́jọ́ náà lè wá jókòó, àmọ́ kó má mú nǹkan kan dání wá.

Àṣìṣe tí mò ń rí lójoojúmọ́

Dídè mọ́lẹ̀. Ibi tí a kọ́kọ́ gbé àbúrò mi lọ, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi dè é mọ́ òpó. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló wà lára rẹ̀. Oṣù kan gbáko la fi tọ́jú egbò ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé e kúrò, fún ìgbà pípẹ́ kò sì gbà kí a mú òun lọ síbi kankan tí wọ́n bá ti pe orúkọ ìtọ́jú. Èmi ni mo san owó ibẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

"Ẹ fẹ́ ìyàwó fún un, á jáwọ́." Ẹlòmíì lẹ máa kó sínú ìyọnu.

"Kó kàn máa mu bíà díẹ̀ dípò rẹ̀." Bárakú kan lẹ fi ń pààrọ̀ òmíràn.

Àgbo tí wọ́n ní á fọ oògùn kúrò lára. Ọtí ni wọ́n fi ń po òmíràn. Ẹ bi dọ́kítà kó tó mu ohunkóhun.

Fífi owó sílẹ̀ láti dán an wò. Ẹ má ṣe é. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kì í fi pápá ìsáré dán ara rẹ̀ wò.

Fífi í ránṣẹ́ sí abúlé, kó lọ máa dá gbé pẹ̀lú bàbá àgbà tí kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè ràn án lọ́wọ́ bí àwọn tó máa gbà á bá mọ̀ tí wọ́n sì múra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdúgbò tuntun ló máa wá ẹgbẹ́ igbó tuntun sí.

Bó bá ṣubú

Ó wọ́pọ̀, kò sì túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ẹ ṣe ti bàjẹ́. Àbúrò mi ṣubú ní oṣù kẹrin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù ni èyí: ẹni tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ ò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà lo iye yẹn, ó lè pa á. Ẹ sọ èyí fún un ní gbangba kó tó kúrò lọ́sibítù.

Bí ẹ bá jí i tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀ tàbí tó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè rẹ̀ ṣókùnkùn:

1. Ẹ ké sí àwọn èèyàn, kí ẹnì kan pe 112 tàbí 767.
2. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀, kí èébì má baà há a lọ́fun.
3. Ẹ má da epo pupa, mílíìkì tàbí omi sí i lẹ́nu. Ẹ má dá a dúró láti máa rìn.
4. Bí ọkọ̀ pàjáwìrì bá pẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó súnmọ́ jù, ẹ sì sọ ohun tó lò gan-an. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone tó lè dá èémí ẹni tó lo tramadol tàbí codeine ju bó ṣe yẹ padà, àmọ́ àfi kí wọ́n mọ̀.

Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn, kó jẹun, kí ẹni ìpè wá jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bi í: níbo lo wà? Ta ni ẹ jọ wà? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Ta ni o lè ti pè? Ìdáhùn àbúrò mi sí ìbéèrè kẹrin yẹn ló jẹ́ ká pààrọ̀ ẹni ìpè. Bọ̀dá tó ń gẹ irun ni ẹni ìpè wa, àmọ́ fóònù rẹ̀ máa ń kú láago mẹ́wàá alẹ́ nítorí iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó jẹ́ tiyín, kí ẹlòmíì gba iṣẹ́ yín ṣe. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ lè sunkún sí lọ́rùn, kó má jẹ́ aláìsàn náà. Bó bá ń lù yín tàbí tó ń fi ọ̀bẹ halẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ lè ṣàánú rẹ̀ láti òkèèrè.

Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá yàtọ̀

Bó bá jẹ́ obìnrin: ìwádìí tí mo dárúkọ lókè fi hàn pé nínú ẹni 4 tó ń lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, obìnrin ni ẹni 1, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ ju ọkùnrin lọ ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni 5 rẹ̀ jẹ́ obìnrin bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan sì gba àwọn ọmọ mọ́ra lọ́jọ́ ọsibítù. Ọ̀pọ̀ kì í lọ torí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa fi ọmọ sí lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìlú òkèèrè lẹ wà: ẹ má kàn máa fi owó ránṣẹ́. Ẹ san owó ọsibítù fún ọsibítù tààrà, ẹ sì máa pè é ní wákàtí kan náà lálẹ́, kó mọ̀ pé fóònù máa dún.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ jáwọ́, tí ẹ ò rí ẹnì kankan nítòsí: ẹnì kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹni 5 ń bọ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ jókòó síbi tí kò sí ariwo, ẹ pe nọ́ńbà NDLEA tó wà lókè yẹn. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ ka èyí sí wọn létí: "Ẹ káàárọ̀ o. Ìkòròdú ni mo ti ń pè. Nǹkan tí mò ń lò nìyí, iye tí mò ń lò lóòjọ́ nìyí, ìgbà tí mo lò ó kẹ́yìn nìyí. Mo fẹ́ jáwọ́. Níbo ni kí n kọ́kọ́ lọ, ọjọ́ wo, ta ni kí n béèrè?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.